Ṣípù kún sítọ́ọ̀, ṣé fóònù máa tà tó? Bí mo ṣe ń ṣírò ẹ̀ látinú ṣọ́ọ̀bù mi l'Óṣogbo

Àbúrò mi kan tó ń ra ṣíà Amẹ́ríkà díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù ẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nkan yìí o, wọ́n ní ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣípù yìí ti di ìlọ́po méjì, ṣé kí n tà á kúrò lọ́wọ́ ni?" Mo bi í pé ìlọ́po méjì ti ìgbà wo, ó ní òun ò mọ̀, òun ṣáà rí i nínú áàpù ni. Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ṣípù, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́, tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju bí fóònù ṣe ń tà lọ. Èmi kì í ṣe akáńtáǹtì o, fóònù ni mo ń tà tí mo sì ń tún ṣe ní Ọláìyá níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjà tó pọ̀ nílẹ̀ tí kò lọ, ojú mi ti rí màbo níbẹ̀, màá sọ ìyẹn tá a bá débẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ nílò ò ju fóònù tó ní dátà, kalikulétọ̀ àti ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ máa máa kọ nọ́ńbà sí. Ẹ má gbọ́kàn lé orí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

1. Ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wò ná

Kì í ṣe gbogbo oníṣípù ló ń ṣe ti fóònù. Tí mo bá tú fóònù kan sórí tábìlì mi báyìí, ṣípù inú ẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi: èyí tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀ gangan lè jẹ́ ti Qualcomm tàbí MediaTek tàbí Unisoc (ti iPhone, Apple fúnra wọn ló ń ya ti wọn), èyí tó ń rántí nkan, ìyẹn mẹ́mórì, lè jẹ́ ti Samsung tàbí SK Hynix tàbí Micron, àwọn kéékèèké tó ń bá a mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà níbẹ̀, Skyworks àti Qorvo ń ṣe irú wọn. Fóònù tá à ń tà jù níbí, Tecno, Infinix àti itel, abẹ́ Transsion tó wà ní Shenzhen ní Ṣáínà ni gbogbo wọn wà, MediaTek ló sì pọ̀ jù nínú Tecno àti Infinix, Unisoc wà nínú ọ̀pọ̀ itel. Torí náà tí Tecno bá ń tà wàràwàrà ní Ìgbọ̀nà, ẹ má tìtorí ẹ̀ sáré lọ ra Qualcomm, ọ̀tọ̀ lẹni tó ṣe yín lóore, ọ̀tọ̀ lẹni tẹ́ ẹ̀ ń kí.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo bí fóònù ṣe pọ̀ tó nínú owó tí wọ́n ń rí. Lọ́dún ìṣirò 2024, Qualcomm rí bíi bílíọ̀nù 33 dọ́là látara ṣípù, bíi bílíọ̀nù 25 nínú ẹ̀ ló jẹ́ ti fóònù, ìyókù jẹ́ ti mọ́tò àtàwọn ẹ̀rọ mìíràn. Fún irú wọn, tí ọjà bá pọ̀ nílẹ̀, fóònù lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ti Micron ò rí bẹ́ẹ̀, mẹ́mórì wọn ń lọ sínú kọ̀ǹpútà, ó ń lọ sínú àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà jọ sí fún AI, ó sì ń lọ sínú fóònù, ẹ ò lè di gbogbo ẹrù ru fóònù nìkan.

2. Ẹ wá ìwé wọn

Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó bá wà lọ́jà ṣíà gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba wọn tó ń mójú tó ọjà ṣíà, ibi tí SEC ń kó wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè ní EDGAR, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ní ní kẹ́ ẹ san kọ́bọ̀. Èyí tó bá jẹ́ 10-Q, ti oṣù mẹ́ta ni, 10-K ni ti odindi ọdún. Ìlà méjì péré lẹ̀ ń wá fún ìbẹ̀rẹ̀, "Inventories", ìyẹn ọjà tó wà nílẹ̀, àti "Cost of revenues", ìyẹn owó tí wọ́n ná lórí ọjà tí wọ́n ti tà, àwọn míì á kọ ọ́ ní "Cost of goods sold". MediaTek ní tiẹ̀, Taiwan ló wà, òfin ibẹ̀ ni pé kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù, ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ṣíà gbọ́dọ̀ ti kéde iye tó tà lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an torí ẹ ò ní dúró dìgbà tí oṣù mẹ́ta bá pé kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ọjà ń yá.

Ẹ ṣọ́ra fún kàlẹ́ńdà wọn. Ọdún Qualcomm ń parí lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹsàn-án, ti Micron ń parí ní bíi ìparí oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá rí "first quarter" Qualcomm tó rò pé January sí March ni, October sí December ló ń wò yẹn, ìgbà Kérésì, gbogbo ìṣirò ẹ̀ máa dojú rú.

3. Ẹ sọ owó di ọjọ́

Èyí ni ọkàn ẹ̀. Ká ní mo ní fóònù 40 ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rẹ́ mi tó wà l'Ókè-Fìà náà ní 40. Èmi ń ta méjì lóòjọ́, òun ń ta ẹyọ kan lọ́jọ́ méjì. Tèmi máa tán ní 20 ọjọ́, tiẹ̀ máa tó 80 ọjọ́. Fóònù 40 kan náà o, àmọ́ ọ̀kan nínú wa ní wàhálà lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí "ọjà ti di ìlọ́po méjì" ò fi túmọ̀ sí nkankan tẹ́ ẹ ò bá tíì mọ bó ṣe ń tà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé: ẹ mú iye ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ fi owó tí wọ́n ná lórí ọjà tí wọ́n tà pín in, ẹ wá fi iye ọjọ́ tó wà nínú àsìkò yẹn sọ ọ́ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ ìwé ti ọdún, 365, tó bá jẹ́ ti oṣù mẹ́ta, 91. Kí ló dé tá ò fi iye tí wọ́n tà á gan-an pín in? Torí iye tí wọ́n fi ṣe ọjà náà ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sí sítọ́ọ̀, bíi fóònù tí mo rà ní 100,000 náírà tí mo fẹ́ tà ní 115,000, inú ìwé tèmi, 100,000 ló jẹ́ títí dìgbà tó bá kúrò nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi èrè kún apá kan tẹ́ ẹ ò fi kún ìkejì, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa rí á kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Qualcomm dán an wò. Ní ìparí ọdún ìṣirò 2021, ọjà wọn nílẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 3.23 dọ́là, owó tí wọ́n ná lórí ohun tí wọ́n tà lọ́dún yẹn jẹ́ bílíọ̀nù 14.26. Ẹ pín in, ẹ fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀, bíi ọjọ́ 83 ló jáde. Ní 2022, ọjà nílẹ̀ di bílíọ̀nù 6.34, owó ohun tí wọ́n tà di 18.64, ọjọ́ 124. Ìlọ́po méjì táwọn èèyàn ń pariwo rèé, àmọ́ ẹ rí i pé ọjọ́ yẹn ò di ìlọ́po méjì, torí wọ́n tà jù ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹ wá wo 2023: ọjà nílẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 6.42, kò fẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà, áàpù àbúrò mi ò ní sọ nkankan nípa ìyẹn, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Àmọ́ owó ohun tí wọ́n tà ti já wálẹ̀ sí 15.87, ọjọ́ ti di 148. Ọdún tí nọ́ńbà ọjà ò mira yẹn gan-an ni nkan le jù. Ọjà ò pọ̀ sí i, títà ló dínkù lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ fi tàwọn tó ń ka fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: IDC, tó ń ka iye fóònù tí wọ́n kó jáde káyé, ní bílíọ̀nù 1.36 ló jáde ní 2021, 1.21 ní 2022, 1.17 ní 2023. Ọjọ́ ń gùn sí i, fóònù ń dínkù. Tẹ́ ẹ bá rí irú méjèèjì yẹn pọ̀, ẹ ò nílò babaláwo.

Àbùkù kan wà lára ìṣirò yìí sha. Ohun tó ti lọ ló fi ń pín ohun tó kù, bẹ́ẹ̀ ọjà tó wà nílẹ̀, ọ̀la ló máa tà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń wo iye tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ sọ pé òun máa tà ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ìṣirò. Ká ní ọjà nílẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 6, owó ohun tí wọ́n tà ní oṣù mẹ́ta tó kọjá jẹ́ bílíọ̀nù 4, ìyẹn bíi ọjọ́ 137. Wọ́n wá ní títà máa fi ìdá 20 nínú 100 dínkù, bílíọ̀nù 4 yẹn di bíi 3.2 nìyẹn tí èrè wọn ò bá yí padà, ọjà kan náà ti di ti ọjọ́ 171. Ọjọ́ tó ń bọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ bá ṣe.

4. Irú ọjà wo ló wà nílẹ̀?

Òṣogbo ìlú aró ni, torí náà aláró ni màá fi ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ́dọ̀ ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ máa rí aṣọ funfun tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, ẹ máa rí èyí tí wọ́n ti so tàbí tí wọ́n ti fi lẹ́kọ yàwòrán sí tó wà nídìí ìkòkò aró, ẹ sì máa rí èyí tó ti gbẹ, tí wọ́n ti lù, tí wọ́n ti ká sílẹ̀ dè oníbàárà. Gbogbo ẹ̀ ni ọjà. Àmọ́ aṣọ funfun ṣì lè di ohunkóhun, ó tiẹ̀ lè tà á bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti wọ aró tó ti gba oríṣi àwòrán kan, tí wọn ò bá ra irú àwòrán yẹn mọ́, ó di tìẹ.

Ṣípù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé wọn, wọ́n máa pín ọjà náà sí mẹ́ta: ohun èlò, èyí tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àti èyí tó ti parí. Orí àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní wáfà ni wọ́n ti ń ṣe ṣípù, ó sì máa ń gbà tó bíi oṣù mẹ́ta kí wáfà tó jáde nílé-iṣẹ́ bíi TSMC ní Taiwan, wọ́n á tún gé e, wọ́n á fi ìkarahun bò ó, wọ́n á dán an wò. Nítorí náà ṣípù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, nkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ti pinnu ẹ̀, ohun tí wọ́n rò nígbà yẹn lẹ̀ ń wò.

Tí èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá ń pọ̀ sí i tí èyí tó ti parí ò sì pọ̀, mo máa ń gbà pé wọ́n ń retí ọjà ni, bóyá fóònù tuntun kan ń bọ̀. Tí èyí tó ti parí bá ń gòkè tí èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń lọ sílẹ̀, wọ́n ti ń sọ fún àwọn tó ń bá wọn ṣe é pé kí wọ́n rọra, torí ohun tó wà nílẹ̀ ò lọ. Ìyẹn lẹ fi ń mọ̀ kí ọ̀gá wọn tó la ẹnu.

5. Ọjà tí ò sí ní sítọ́ọ̀ wọn mọ́, àmọ́ tẹ́nìkan ò tíì rà

Ibí yìí ló ká mi lára jù. Oṣù kọkànlá ọdún 2022, díílà tí mo ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, pè mí pé Kérésì ń bọ̀, ọjà máa gbówó lórí, kí n yáa kó 60 lẹ́ẹ̀kan náà, òun á yọ díẹ̀ fún mi. Mo kó o. Kérésì dé, mo ta bíi 20. Ọdún tuntun wọlé, ọ̀rọ̀ owó tuntun bẹ́ sílẹ̀, gbogbo wa la rántí January sí March 2023 yẹn, èèyàn á ti ìdájí lọ tò sí bánkì kó tó rí owó tó máa fi wọkọ̀, ta ló fẹ́ wá ra fóònù? Fóònù 40 jókòó sórí pákó, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Nínú ìwé díílà mi, 60 ló tà, ilẹ̀ ẹ̀ mọ́ tónítóní, ká ní ẹnìkan yẹ sítọ́ọ̀ ẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, á ní ọjà ọkùnrin yìí mà ń yá o. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́nìkan lágbàáyé tó ń fi 40 nínú ẹ̀ pe ìyàwó ẹ̀.

Ẹ wá wò ó, oṣù kan náà yẹn ni Qualcomm ka ìṣirò wọn tí wọ́n sì sọ ọ́ síta pé ọjà ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń rà lọ́wọ́ àwọn, wọ́n fojú bù ú pé èyí tó lé sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kọsitọ́mà ńláńlá tó ti ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn ọdún kan, mo rẹ́rìn-ín, torí èmi náà wà lára ìlà yẹn, ìparí ìlà pátápátá, lẹ́bàá Ọláìyá.

Torí náà ẹ má wo sítọ́ọ̀ oníṣípù nìkan. Ẹ wo ìwé ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìṣirò, ẹ wá "channel inventory" níbẹ̀, ìyẹn ọjà tó wà lójú ọ̀nà láàárín ilé-iṣẹ́ àti ẹni tó máa lò ó. Tí wọ́n bá ń sọ pé àwọn kọsitọ́mà wà nínú "digestion", ẹ ti mọ̀ pé wọ́n ti jẹ àjẹyó, wọn ò lè gba ẹ̀bá míì báyìí. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ìbẹ̀rù ló ń jẹ́ kí wọ́n kó o jọ. Kí òfin Amẹ́ríkà tó ká Huawei, ilé-iṣẹ́ fóònù kan ní Ṣáínà, lọ́wọ́ kò ní 15 September 2020, ṣe ni wọ́n kó ṣípù pamọ́ bí ẹni tó gbọ́ pé epo máa wọ́n lọ́la. Ẹni tó ń ta fún wọn lásìkò yẹn á rí títà tó dùn, àmọ́ kì í ṣe pé fóònù ló dédé ń tà sí i.

Apá kejì ìtàn mi wúlò ju tàkọ́kọ́ lọ. Láti April 2023 owó ti padà sọ́wọ́ èèyàn, mo ń ta ẹyọ kan lójúmọ́, nígbà míì méjì. Àmọ́ mi ò pe díílà mi, kí ni mo fẹ́ pè é fún, ṣebí tiẹ̀ ni mo ṣì ń tà. Ó wá ń fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ pé ṣé wọn ò ra fóònù mọ́ l'Óṣogbo ni. Wọ́n ń rà á! Òun ni ò rí i. Ọjọ́ tí èyí tó gbẹ̀yìn lọ, mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó 15, ó yà á lẹ́nu.

Ẹ rí i, nígbà tí ọjà àárín ọ̀nà bá ń tán lọ, oníṣípù máa ń tà kéré sí iye tí aráyé ń rà gan-an, tó bá wá tán, títà wọn á fò sókè láìjẹ́ pé ẹnì kan ra fóònù ju tàná lọ. Bí ẹ ṣe máa fura ni kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n tí owó wọn fi jábọ́ wé ìwọ̀n tí fóònù fi dínkù. Gbogbo owó tó wọlé fún Qualcomm já láti bílíọ̀nù 44.2 ní 2022 sí 35.8 ní 2023, ìdá 19 nínú 100 nìyẹn. Fóònù káyé láàárín 2022 sí 2023, bíi ìdá 3 ló fi dínkù. Ọdún tiwọn àti ọdún IDC ò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó dá díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ àlàfo yẹn fẹ̀ ju ohun tí kàlẹ́ńdà nìkan lè ṣe lọ. Wọ́n ń jẹ ohun tó wà nínú àwo tẹ́lẹ̀ ni.

Ohun kan tún ń bẹ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: ọjà tí wọ́n ti ṣàdéhùn láti rà àmọ́ tí kò tíì dé. Nínú àlàyé ẹ̀yìn ìwé wọn, ẹ wá "purchase obligations". Qualcomm ò ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wáfà bíi ti TSMC, wọ́n máa ń bá àwọn tó ń bá wọn ṣe é tọwọ́ bọ̀wé ni. Tí ọjọ́ ọjà nílẹ̀ bá ti gùn, tí àdéhùn yẹn ṣì tún tóbi, ẹrù ti kún ilé, lọ́rì tún ń bọ̀ lọ́nà Gbọ̀ngán.

6. Ẹ wo ẹni tó ń ra fóònù

Ẹ mọ ìgbà. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ ní July tẹ́ ẹ rí aṣọ funfun tó ga dé àjà, ẹ ò ní sọ pé ọjà ò yá, ẹ mọ̀ pé ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní August. Fóònù náà ní ọdún Ọ̀ṣun tiẹ̀: iPhone tuntun sábà máa ń jáde ní September, 11 November ni ọjọ́ ọjà ńlá ní Ṣáínà, Kérésì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ẹ̀ ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ní January tàbí February. Ṣípù gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú gbogbo ìyẹn. Ẹ má fi June wé March, June ọdún yìí àti June èṣí ni kẹ́ ẹ fi wéra.

Ẹ tún rántí pé iye fóònù tí wọ́n ní ó "jáde" kì í ṣe iye tí èèyàn rà, ó lè jẹ́ 40 tèmi yẹn ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí IDC bá ní fóònù jáde púpọ̀, bíi 2024 tó padà gòkè sí bílíọ̀nù 1.24, mo máa ń dúró wo oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kí n tó yọ̀.

Fóònù àtijọ́ tí èèyàn ń tún ṣe ò ra ṣípù tuntun. Lẹ́yìn June 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ tí dọ́là fò, fóònù tuntun wọ́n, iṣẹ́ síkíríìnì àti bátìrì ló kún tábìlì mi, àwọn tó ń ta lọ́ńdọ̀n yúùsì l'Álẹ́kúwodò náà rí ṣe. Owó wọlé fún mi lóṣù yẹn o, kò sí ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ oníṣípù nínú ẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ara mi náà: Òṣogbo ò tóbi tó láti fi mọ ayé, Ṣáínà, Íńdíà àti Amẹ́ríkà ni fóònù pọ̀ sí, ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù kàn jẹ́ kí n mọ irú ìbéèrè tí mo máa bi ìwé ni.

Iye fóònù nìkan kọ́ ná. Fóònù lè dínkù kí ṣípù tó wọ́n máa tà sí i, torí àwọn tó ń rà á ti ń ra olówó ńlá. Kọsitọ́mà kan ṣoṣo náà sì lè lọ kí gbogbo ẹ̀ yí padà: February 2025 ni Apple gbé iPhone 16e jáde pẹ̀lú C1, módẹ́ẹ̀mù (ṣípù tó ń so fóònù mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí wọ́n ṣe fúnra wọn dípò ti Qualcomm. Kí gbogbo ayé ra ìyẹn tán, Qualcomm ò ní ta módẹ́ẹ̀mù kan sínú ẹ̀.

7. Ẹ má jẹ́ kí bírò tàn yín

Ọjà lè kúrò nínú ìwé láìkúrò nílẹ̀. Tí iye tí wọ́n máa rí tà á bá ti kéré sí iye tí wọ́n fi ṣe é, òfin ìṣirò ní kí wọ́n gé e wálẹ̀ nínú ìwé. Micron ṣe é ní oṣù mẹ́ta tó parí ní 2 March 2023, wọ́n gé bílíọ̀nù 1.43 dọ́là kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà wọn nílẹ̀ di bílíọ̀nù 8.13, owó tí wọ́n kọ pé wọ́n ná lórí ohun tí wọ́n tà di 4.90. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, bíi ọjọ́ 151 ló máa bọ́ sí yín lọ́wọ́. Àmọ́ inú 4.90 yẹn ni wọ́n ju 1.43 yẹn sí! Ẹ dá a padà síbi tó ti wá: ọjà nílẹ̀ á di 9.56, owó ohun tí wọ́n tà á di 3.47, ọjọ́ á di bíi 251. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ló pa mọ́ sábẹ́ bírò. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́ o, wọ́n sọ ọ́ kedere nínú ìwé, ẹni tó bá wo nọ́ńbà ojú ìwé nìkan ni ò ní rí i. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá wá ta ọjà tí wọ́n ti gé yẹn, èrè ẹ̀ á dà bí ẹni pé nkan ti dáa gan-an, nígbà tó jẹ́ pé owó ẹ̀ ni wọ́n ti san tẹ́lẹ̀.

Torí náà kẹ́ ẹ tó ṣírò, ẹ wá "write-down", ìyẹn gígé wálẹ̀ yẹn, nínú ìwé náà, ẹ fi "Find" inú fóònù yín wá a, kò gba ìṣẹ́jú kan.

8. Kẹ́ ẹ wá sọ pé ó bá ara mu àbí kò bá ara mu

Èmi kì í fi nkan kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ẹ̀. Mo máa ń kọ ọjọ́ ti oṣù mẹ́ta mẹ́jọ sẹ́yìn sílẹ̀, ọdún méjì nìyẹn, kí n lè mọ ohun tó jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá fún ilé-iṣẹ́ yẹn gan-an, torí ọjọ́ 120 lè jẹ́ àìsàn fún ẹnìkan kó jẹ́ ara líle fún ẹlòmíì. Tí ọjọ́ bá gùn ju ti èṣí lọ, tí èyí tó ti parí ló pọ̀, tí wọ́n ní ọjà wà lọ́wọ́ kọsitọ́mà, tí wọ́n sì ní títà máa dínkù, ó ti pọ̀ jù, ẹ má bá ara yín jiyàn. Tí ọjọ́ bá gùn àmọ́ tó jẹ́ èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló pọ̀, tí ọwọ́ kọsitọ́mà gbẹ, tí wọ́n ní títà ń bọ̀ wá gòkè, wọ́n ń múra ọjà ni. Èyí tó máa ń dà mí láàmú ni ti àárín, ọjà pọ̀ torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó o jọ nígbà tí ẹ̀rù àìrí ṣípù rà ti 2021 ṣì wà lára wọn, irú ìyẹn, mo máa ń dúró de ìwé oṣù mẹ́ta míì ni. Ọjọ́ kúkúrú náà lè jẹ́ wàhálà o, tí fóònù bá ń tà tí ṣípù ò tó, ẹlòmíì á gba ọjà yẹn.

Àbúrò mi ka gbogbo èyí tán, ó lọ ṣe tiẹ̀, ó pè mí lójú ẹsẹ̀, ohùn ẹ̀ ti yí padà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ó ju 600 ọjọ́ lọ, mo ti kú!" Mo ní kó ka ìlà tó mú owó ohun tí wọ́n tà látibẹ̀ fún mi. "Three months ended." Ó ti mú ti oṣù mẹ́ta, ó wá fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ní kó fi 91 ṣe é. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kalikulétọ̀, ó ní 151, mo ní èwo ni ti èṣí, ó ní òun ò tíì wò ó.